Níbi tí Uche ti ń Jẹ́ Òkun: Ọjọ́ Mẹ́jọ ní Istanbul

Ọjọ́ Àìkú

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán nígbà tí bàlúù wa balẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ni ìrìn-àjò yìí. Aṣọ ọmọdé ló ń tà ní Balógun l'Ékòó, ó sì ti wá ra ọjà ní Istanbul nígbà mẹ́fà rí. Ẹ̀yìn ń dùn ún lọ́dún yìí, ló bá ní kí n sin òun wá, kí n máa bá òun gbé ẹrù. Kò tíì sọ ọ́ tán tí mo ti ní, "Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n mi." Inú bàlúù ni mo tó sọ ìdí tí ara mi fi yá tó bẹ́ẹ̀ fún un. Ọmọ ọdún 11 ni mí nígbà tí mo fi Uche Okechukwu, agbábọ́ọ̀lù ọwọ́ ẹ̀yìn Nàìjíríà, sọ́kàn, ìlú yìí ló sì ti lo ọdún mẹ́sàn-án, láti 1993 títí di 2002, tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Fenerbahçe. Jẹ́sì Nàìjíríà aláwọ̀ ewé kan wà nísàlẹ̀ báàgì mi, nọ́ḿbà 5 lẹ́yìn rẹ̀.

Bí mo ṣe mọ̀ ọ́n nìyí. Ní ọjọ́ 5 oṣù Keje ọdún 1994, Nàìjíríà àti Ítálì ń figa gbága ní Ife Àgbáyé l'Amẹ́ríkà. Ilé aládùúgbò wa kan n'Íbàdàn tó ní jẹnẹrétọ̀ ni gbogbo àdúgbò kó sí, ojú fèrèsé lèmi ti ń wòran. Emmanuel Amunike ti gbá tiwa wọlé ní ìṣẹ́jú 25. Gbogbo wa tẹ́jú mọ́ iwájú, wọ́n ń pariwo pé kí Rashidi Yekini ju ìkejì sí i. Bàbá mi nìkan ni kò wo iwájú. Ó nawọ́ fọwọ́ kàn mí léjìká, ó ní, "Nọ́ḿbà 5 yẹn ni kí o máa wò. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kí o wò, má wo bọ́ọ̀lù." Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu pé kì í sáré púpọ̀. Bọ́ọ̀lù á ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lẹ́sẹ̀ ẹni tó gbá a, Uche á ti máa rìn lọ síbi tó máa balẹ̀ sí. Bàbá mi ní ẹni tó bá ń sáré kíjokíjo lọ́wọ́ ẹ̀yìn, ó ti pẹ́ dé ni.

Ó ku ìṣẹ́jú méjì kí eré parí ni Roberto Baggio dá ayò yẹn padà, ó sì fi pẹ́náritì lé wa sílé ní àfikún àsìkò. Ẹkún ni mo sun sùn. Láti ọjọ́ náà, ọwọ́ ẹ̀yìn ni mo máa ń kọ́kọ́ wò nínú gbogbo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀.

Ọjọ́ Ajé

Laleli ni àwọn oníṣòwò wa ń ná. Dúró lójú pópó níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, wàá gbọ́ Yorùbá. Àwọn alábàárù ń ti ọmọlanke, sẹ́lótéèpù ń ké ṣààà lára ìdì ẹrù tí wọ́n ń wé. Wọn kì í tú ọjà tà. Ìdì kan ní gbogbo ìwọ̀n nínú, láti ti ọmọ ọdún méjì dé ti ọmọ ọdún mẹ́fà. O gbé e bẹ́ẹ̀ tàbí kí o fi í sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi lè ka owó ní èdè wọn, ó sì mọ bí èèyàn ṣe ń yí ẹ̀yìn padà ní ṣọ́ọ̀bù kí wọ́n tó pe òun padà pẹ̀lú iye tó dára.

Ṣọ́ọ̀bù kẹta tí a wọ̀, ọkùnrin kan tó ti lé láàádọ́ta ọdún ló ni ín. Ó fi téèpù ìwọnṣọ kọ́ ọrùn. "Abla" ló ń pe ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀gbọ́n obìnrin lèyí ní èdè wọn. Ẹ̀gbọ́n ọkùnrin ni wọ́n ń pè ní "abi". Ibi tí wọ́n bá ti ń fi ẹ̀gbọ́n pe àlejò, ara máa ń tù mí níbẹ̀. Ó bi mí pé ìlú wo ni mo ti wá. Mo ní Nàìjíríà. Ó bọ́ téèpù lọ́rùn, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé àyà, ó ní, "Uche."

Mo dúró pé ó máa pe Okocha, nítorí Jay-Jay náà gbá bọ́ọ̀lù fún Fenerbahçe láti 1996 sí 1998, kò sì sí ọmọdé tí kò mọ̀ ọ́n nílé. Ó pè é lóòótọ́, ó fi ẹ̀rín pè é. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn Uche ni. Oníbàárà méjì wọlé, kò ráyè mọ́. Ó ní ọjà wa á délẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀, kí n tètè dé kí a lè sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Atẹ́gùn gúúsù tí wọ́n ń pè ní lodos jà láti òwúrọ̀, ọkọ̀ ojú omi kò ṣíṣẹ́. Mo dúró ní èbúté Eminönü fún bíi wákàtí kan, omi ń ta sí mi ní ṣòkòtò. Ẹnì kan júwe Marmaray fún mi, reluwé tó ń gba abẹ́ òkun kọjá. Mi ò fẹ́. Ojú omi ni mo ti pinnu pé màá gbà dé Kadıköy. Mo padà lọ bá ẹ̀gbọ́n mi ka ìdì ọjà.

Ọjọ́rú

Atẹ́gùn rọlẹ̀. Mo wọ jẹ́sì mi, mo wọ kóòtù lé e nítorí òtútù, mo wọ ọkọ̀. Ẹyẹ òkun ń bá wa lọ ní ẹ̀gbẹ́ kan, àwọn èrò ń já simit, búrẹ́dì róbótó tí wọ́n fi yànmọ̀tí wọ́n lórí, sókè fún wọn. Nígbà tí a sún mọ́ òdìkejì, ilé reluwé Haydarpaşa yọ létí omi bí ààfin, lẹ́yìn rẹ̀ ni èbúté Kadıköy.

Níbẹ̀ ni mo ti rí i. Lára ilé kan létí omi, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà: DENİZ OTOBÜSÜ. Mo dúró gbagidi. Mo mọ ọ̀rọ̀ yẹn. Nígbà tí Uche di ọmọ ìlú Tọ́kì, Deniz Uygar ni orúkọ tó ń jẹ́ nínú ìwé wọn. Ọdún pọ̀ tí mo ti mọ orúkọ náà, mi ò fìgbà kan bi ara mi pé kí ló túmọ̀ sí. Mo bi ọmọkùnrin kan tó ń ta tíì. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì púpọ̀. Ó kàn nawọ́ sí omi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ là kọjá, ó ní, "Deniz," ó sì na ọwọ́ rẹ̀ lọ rabidun títí dé ibi tí ojú mọ. Òkun. Ọkọ̀ akérò ojú òkun ni wọ́n kọ sára ilé náà. Mo fi fóònù wo Uygar: ọ̀làjú.

Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì létí omi fún ìgbà díẹ̀. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ, kò sì sí ẹni tó ń fi òkun sọ àlejò tó máa lọ lọ́la. Òfin bọ́ọ̀lù wọn ló fi ìwọ̀n sí iye àjèjì tí ẹgbẹ́ kan lè lò, mo mọ̀, bẹ́ẹ̀ ni Okocha náà ṣe di Muhammet Yavuz. Síbẹ̀, èmi tí mo ti Èkó wá, tí mo mọ bí òkun ṣe rí ní alẹ́ tí kò bínú, mo mọ̀ pé ẹni tó gbé orúkọ yẹn wọ Uche kò ṣì í wọ̀.

Mo fi ẹsẹ̀ rìn láti ibẹ̀. Mo kọjá lára ère akọ màlúù tó wà ní oríta Altıyol, níbi tí gbogbo èèyàn ti ń pàdé ara wọn, mo bá àwọn òpópónà sọ̀kalẹ̀ lọ sí pápá ìṣeré Şükrü Saracoğlu. Àárín ilé gbígbé ló wà, bí ìgbà tí wọ́n gbé pápá ìṣeré sáàárín Mushin. Odò kékeré kan ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Gbogbo nǹkan ló jẹ́ àwọ̀ ìyeyè àti búlúù tó ṣú: ògiri, ẹnu ọ̀nà, agbòòrùn, kódà bèbè àwọn fèrèsé kan. Ọdún 1907 tí wọ́n dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ wà níbi gbogbo.

Ère Alex de Souza, ọmọ Bùràsíìlì tó jẹ́ balógun wọn, wà nínú ọgbà Yoğurtçu nítòsí ibẹ̀. Ó tọ́ sí i. Àwọn tó ń dá àrà níwájú ni ère máa ń tètè kàn. Mo wá ère Uche káàkiri, mi ò rí i.

Mo wọ ṣọ́ọ̀bù ẹgbẹ́ náà, mo ní kí wọ́n bá mi tẹ orúkọ sára jẹ́sì kan. Ọmọbìnrin tó ń tajà kò lè ju ọmọ ọdún 22 lọ. Kò tíì dáyé nígbà tí Uche fi ẹgbẹ́ sílẹ̀, tàbí kó jẹ́ ọmọ ọwọ́. Mo kọ ọ́ sórí ìwé fún un: UCHE. Ó wò mí, ó wo àwọ̀ ewé tó yọ lábẹ́ kóòtù mi, ó ní, "Bàbá mi ní tí Uche àti Högh ẹnìkejì rẹ̀ bá ti wà lẹ́yìn, òun lè lọ po tíì kí òun tó padà wá wòran." Ó fi ọwọ́ tẹ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kó tó gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ ìlọṣọ. Kò jẹ́ kí n san owó lẹ́tà náà, owó jẹ́sì nìkan ló gbà.

Ọjọ́bọ̀

Mo tètè dé ọ̀dọ̀ oníṣọ́ọ̀bù, bó ti wí. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló mú mi lọ, níbi tí àwọn télọ̀ rẹ̀ ti ń gé aṣọ. Wọ́n tẹ́ aṣọ búlúù tó ṣú sórí tábìlì gígùn kan, ó gùn tó mọ́tò méjì. Ó mú ṣọ́ọ̀kì àwọ̀ ìyeyè tí wọ́n fi ń sàmì aṣọ, pẹlẹbẹ, ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Ó fa ilà kan, ojú ilé nìyẹn. Ó fi àmì R sí i, ti Rüştü Reçber, aṣọ́lé. Iwájú rẹ̀ ló kọ U sí, ó sì kọ H sí ẹ̀gbẹ́ U, ti Jes Högh ọmọ Dẹ́ńmáàkì tó dé Fenerbahçe lọ́dún 1995.

Ó fa ṣọ́ọ̀kì bíi bọ́ọ̀lù tó ń bọ̀ láti ọ̀tún. H jáde lọ pàdé rẹ̀. U kò tẹ̀ lé e. Ó wọ́ U díẹ̀ péré sẹ́yìn, bí ìka méjì, ó wá fa bọ́ọ̀lù náà kọjá H, ó sì bá U níbi tó dúró sí. Ó gbé ojú sókè wò mí. Ó fi ọwọ́ pa á rẹ́, ó tún un fà láti òsì. Ìyẹn náà bá U níbẹ̀. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹrin, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ méjì ti dá ẹ̀rọ dúró, wọ́n ń wò. Ohun tí bàbá mi fi ẹnu sọ fún mi lójú fèrèsé n'Íbàdàn ni ọkùnrin yìí fi ṣọ́ọ̀kì yà sórí aṣọ.

Ó wá ka ọdún 1996 fún mi lórí ìka. Ẹgbẹ́ wọn kò gba ife líìgì láti 1989. Trabzonspor ló wà lókè nígbà tí líìgì ń parí lọ, ilé Trabzonspor sì ni wọ́n gbọ́dọ̀ lọ. Trabzon ló kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù wọlé. Oğuz Çetin dá a padà, Aykut Kocaman sì gbá ìkejì: 2-1. Carlos Alberto Parreira, tó gba Ife Àgbáyé fún Bùràsíìlì lọ́dún 1994, ni akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn. Ìka àkọ́kọ́ nìyẹn. Èmi ni mo ka ìka kejì fún un, nítorí tiwa ni: oṣù Kẹjọ ọdún yẹn kan náà, góòlù Òlíńpíìkì. Ọmọ ọdún 23 sísàlẹ̀ ni wọ́n fẹ́ nínú ìdíje náà, àgbà mẹ́ta péré ni wọ́n fi àyè gbà, Uche wà lára mẹ́ta yẹn pẹ̀lú Amunike àti Daniel Amokachi. Bùràsíìlì wó ní 4-3, Ajẹntínà wó ní 3-2. Gbogbo wa ló rántí Kanu, ó sì yẹ ká rántí rẹ̀. Ta ló ń bá àwọn ọmọdé yẹn sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn nígbà tí ẹsẹ̀ wọn ń gbọ̀n?

Ó ní ọjọ́ kan wà tí kò dùn mọ́ òun rárá, ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà ọdún 1998. Nàìjíríà pàdé Dẹ́ńmáàkì ní Ife Àgbáyé ní Fáráǹsé, Uche wà lápá kan, Högh wà lápá kejì. Dẹ́ńmáàkì gbá wa ní 4-1. Ó ní bí ìgbà tí ọkọ àti aya ń jà níwájú àwọn ọmọ ló rí lójú òun, òun kò mọ ẹni tí òun máa gbè lẹ́yìn.

Nígbà tó fẹ́ nu ṣọ́ọ̀kì kúrò kí wọ́n lè máa gé aṣọ lọ, mo bẹ̀ ẹ́. Mo ra aṣọ náà, mítà mẹ́ta, bó ṣe wà. Ẹ̀gbọ́n mi bá mi ní àtẹ̀gùn tí mo gbé e lọ́wọ́ bí ọmọ jòjòló. Ó ní, "Àbúrò mi, kí la fẹ́ fi èyí rán?" Mo ní a ò ní rán an. Ó wo ojú mi, kò sọ nǹkan kan mọ́.

Ọjọ́ Ẹtì

Ẹ̀gbọ́n mi kí Jímọ̀ ní mọ́ṣáláṣí Laleli. Lẹ́yìn náà a wọn ẹrù. Ìwọ̀n tiwọn fi kílò mọ́kànlá ju tiwa lọ, àríyànjiyàn gba gbogbo ìrọ̀lẹ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Fenerbahçe ní eré nílé. Mi ò ní káàdì tí wọ́n fi ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n mo padà sí Kadıköy lọ́sàn-án kí n lè wà láàárín wọn. Àwọn òpópónà tó lọ sí pápá ìṣeré ti di odò èèyàn. Apá kan á ké "Sarı!", apá kejì á dá wọn lóhùn "Lacivert!", orúkọ àwọ̀ méjèèjì náà. Ìlù ńlá ń dún, ẹran ń jó lórí iná ẹ̀gbẹ́ títì. Mo wọ jẹ́sì tuntun mi lé kóòtù. Mi ò tíì rin ogún ìṣísẹ̀ tí ẹnì kan fi ti ẹ̀yìn pè mí ní Uche. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹwàá, mo ṣíwọ́ kíkà. Àwọn tó tó bàbá mi dì mọ́ mi. Ọkùnrin kan fi ẹnu ko ẹ̀yìn jẹ́sì náà, lórí lẹ́tà, ó lọ, kò bá mi sọ̀rọ̀ kankan.

Ilé tíì kan ni mo ti wo eré náà, ní tábìlì kan náà pẹ̀lú bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó jẹ́ olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ó gbọ́ èdè náà dáadáa, bí ẹni ń ka ìwé. Fenerbahçe borí, ṣùgbọ́n eré ọjọ́ mìíràn ni bàbá náà ń wò lójú ara rẹ̀: ọjọ́ 30 oṣù Kẹwàá ọdún 1996, ní Old Trafford. Ogójì ọdún ni Manchester United ti ń gbá ìdíje Yúróòpù nílé láìpàdánù. Elvir Bolić gbá bọ́ọ̀lù, ó kan ara ẹnì kan, ó ré kọjá lórí Peter Schmeichel, Fenerbahçe sì borí ní 1-0. Schmeichel yìí kan náà ló ń ṣọ́lé lẹ́yìn Uche ní Brøndby ní Dẹ́ńmáàkì, nígbà tí wọ́n jọ dé ìpele tó kángun sí àṣekágbá nínú ife UEFA lọ́dún 1991, kí Uche tó wá sí Istanbul.

Bàbá náà ní, "Gbogbo ayé ń sọ̀rọ̀ Bolić. Mo fẹ́ràn Bolić. Ṣùgbọ́n Eric Cantona, ìràwọ̀ ọwọ́ iwájú Manchester United, wà ní pápá lọ́jọ́ náà, ṣé o rántí nǹkan kan tó ṣe?" Mo ní mi ò rántí. Ó ní, "Èmi náà ò rántí." Ó fi síbí ro tíì rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Ó wá bi mí léèrè pé ṣé àwa náà ń tọ́jú rẹ̀ nílé. Kì í ṣe owó ló ń bi mí. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn ọmọdé mọ orúkọ rẹ̀, bóyá a máa ń dìde fún un tó bá wọlé. Mo fẹ́ purọ́ fún un nítorí bí ó ṣe ń wò mí. Mi ò lè ṣe é. Mo ní àwọn tó ń ju bọ́ọ̀lù sáwọ̀n là ń kọrin fún ní tiwa. Mo ní mo ní ọmọ méjì, wọ́n mọ Okocha, wọ́n mọ Kanu, èmi bàbá wọn tí mo fẹ́ràn Uche tó báyìí kò tíì jókòó tì wọ́n kí n sọ ọ́ fún wọn bí bàbá mi ṣe sọ ọ́ fún mi. Ó dùn mí bí mo ṣe ń sọ ọ́. Bàbá náà gbọ́n orí, kò bá mi wí. Ó pe tíì mìíràn fún mi, ó san án.

Ọjọ́ Àìkú

Ọ̀nà jìn láti Laleli dé pápákọ̀ òfurufú. Ẹ̀gbọ́n mi sùn lé mi léjìká. Mo fẹ́ gbé aṣọ búlúù náà sínú báàgì ọwọ́, ṣùgbọ́n kò gbà á, ni mo bá ká a róbótó sáàárín ìdì aṣọ ọmọdé, ojú ṣọ́ọ̀kì nínú.

Ọjọ́ kẹwàá tí a délé ni ẹrù tó wọlé. A tú u ní Balógun, lórí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, àwọn ọmọ mi méjèèjì wà níbẹ̀ nítorí ìsinmi ilé-ìwé. Mo tẹ́ aṣọ náà. Ojú ilé ti parẹ́, R ti parẹ́, ìdajì H ló kù. U ṣì wà. Àbúrò nínú àwọn ọmọ náà na ìka sí i, ó ní, "Bàbá, ta ni U?" Mo ní kí wọ́n jókòó.